Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Bá Yadi Lẹ́yìn Upgrade

Kọ̀ǹpútà ti tàn. Fáànù ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìka ìlábẹ̀ yín méjèèjì wà lórí F àti J, níbi tí wọ́n yọ ìlà tín-ín-rín sí kí ọwọ́ lè mọ ibi tó bà lé. Ẹ tẹ PIN, ẹ tẹ Enter, ẹ dúró. Kò sí ohùn. Títí di alẹ́ àná, kí Windows 11 tó wọlé rọ́pò Windows 10 (ohun tí wọ́n ń pè ní upgrade), kọ̀ǹpútà yìí máa ń pe orúkọ yín kí ẹ tó wọlé, á sì máa fọhùn bí ẹ bá ṣe ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ yìí, fáànù nìkan ló ń dún. Ẹ tún Enter tẹ̀. Ẹ tẹ Escape. Ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ ti wọlé tàbí ẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Etí ni ẹni tí kò ríran fi ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Screen reader ló wà láàárín òun àti ẹ̀rọ náà, ìyẹn ètò tó ń fi ohùn ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, tó sì jẹ́ pé kíbọọ̀dù nìkan ni a fi ń darí gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù lórí Windows. NVDA, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2006, tí James Teh sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ni. JAWS ti wà láti ayé DOS, ṣáájú kí Windows tó gbajúmọ̀, owó ni wọ́n fi ń rà á. Narrator sì ń bá Windows fúnra rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Windows 10 kò ti gba àtúnṣe ààbò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ló wá sáré wọ Windows 11 láì múra.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdájọ́ tí àwọn ará ilé àti ará ọ́fíìsì máa ń ṣe nígbà tí ohùn bá lọ. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, tàbí kí wọ́n ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni kò rọ afọ́jú lọ́rùn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹni tó ń lò ó kò sì gbàgbé ohun tó mọ̀. Ohun tó ń pa ohùn lẹ́yìn upgrade kò pọ̀, a mọ̀ wọ́n, ọwọ́ sì lè kọ́ ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl, Windows àti Enter papọ̀. Narrator nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó tẹ PIN, ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ. Bí Narrator bá fọhùn, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ní ohùn, screen reader yín ni kò tíì dìde. Bí NVDA ni ẹ ń lò, ẹ wọlé tán, kí ẹ tẹ Ctrl, Alt àti N. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ tún Ctrl, Windows àti Enter tẹ̀ láti fi pa Narrator, nítorí àwọn méjèèjì ló ń lo Insert láti gba àṣẹ, bí wọ́n bá sì jọ ń sọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ti ọ̀kankan.

Bí Narrator náà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ohùn kọ̀ǹpútà gan-an. Ẹ yọ okùn HDMI bí ẹ bá fi so tẹlifíṣàn tàbí mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn upgrade, Windows lè gbé ohùn gba inú okùn yẹn lọ sínú mọ́nítọ̀ tí kò ní sípíkà, ohùn á máa dún síbi tí etí kankan kò sí. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ohùn máa ń padà sí sípíkà kọ̀ǹpútà. Bluetooth náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbohùngbohùn orí (headphone) tí ẹ máa ń lò bá wà ní títàn nínú dúrọ́ọ̀ níbì kan, inú rẹ̀ ni Narrator wà tó ń kàwé fún aṣọ. Ẹ pa á.

Bí kò bá sí HDMI, tí kò sí Bluetooth, ẹ fura sí dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó ń kọ́ Windows bó ṣe máa bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀. Dráífà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà kọ fún Windows 10 lè má bá Windows 11 mu, pàápàá lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́. Níbí ni mo ti máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n ra káàdì ohùn kékeré tó ń wọ ojú USB, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Windows ní dráífà tirẹ̀ fún irú káàdì bẹ́ẹ̀, kò nílò ti ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ ki káàdì náà bọ ojú USB, ẹ ki ìyáfọ́ọ̀nù sí i, ẹ tún Narrator pè. Nígbà tí ohùn bá ti dé báyìí, ẹ lè wá ṣàtúnṣe ti inú: Windows àti X, lẹ́yìn náà M, yóò ṣí Device Manager. Ẹ wá Sound, video and game controllers, ẹ yan káàdì náà, ẹ yan Update driver, kí ẹ sì mú High Definition Audio Device láti inú àwọn tí Windows fúnra rẹ̀ ní. Ohùn rẹ̀ lè má dùn tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa dún.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá gbára lé ohùn kan ṣoṣo ń fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu. Ẹ da ètò NVDA sórí fíláàṣì, kí ẹ sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí n.exe. Orúkọ kúkúrú yìí ní ìdí. Bí ẹ bá ki fíláàṣì náà bọ́ ẹ̀rọ tó ti yadi, ẹ ó tẹ Windows àti R, ẹ ó kọ D:\n.exe, ẹ ó tẹ Enter. Bí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ Escape, kí ẹ gbìyànjú E dípò D, lẹ́yìn náà F. Lẹ́tà díẹ̀ ni ọwọ́ ní láti tẹ̀ láìgbọ́ ohùn, àṣìṣe kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọrùn. NVDA kì í dúró kí a fi òun sórí ẹ̀rọ kó tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti ṣí fáìlì náà, orin kékeré kan á dún, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nìyẹn. Ó tún ṣeé ṣe láti ṣe NVDA alágbèéká sórí fíláàṣì látinú Tools nínú mẹ́nù NVDA, pẹ̀lú gbogbo ètò tí ẹ ti là sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè ka fèrèsé tí Windows fi ń béèrè àṣẹ alábòójútó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka ojú ìwé ìwọlé, torí pé Windows kì í jẹ́ kí ètò tí a kò fi sórí ẹ̀rọ dé ibẹ̀. Ní irú ibẹ̀, Narrator ni kí ẹ pè.

Wákàtí kan wà tí kò sí ohun tó lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀: ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tún ara rẹ̀ tàn léraléra, tí ó ń kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sójú. Kò sí screen reader kankan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, torí Windows fúnra rẹ̀ kò tíì délẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò gbọ́ nǹkan lè rò pé ó ti há, kó di bọ́tìnnì iná mú, kó sì pa á láàárín iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ gbé fóònù síwájú rẹ̀. Be My Eyes, tó jáde ní ọdún 2015, máa ń so yín pọ̀ mọ́ ẹni tó ríran nípasẹ̀ kámẹ́rà. Ẹ sì lè pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lórí fídíò WhatsApp kó ka nọ́ńbà náà fún yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé bátìrì kún, pé ṣájà wà lójú iná, pé jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà wà nítòsí bí iná ìjọba bá lọ. Ohun tí ẹ ó fà wálẹ̀ lé ní gíìgì 4, nítorí náà ẹ ra dátà tó tó.

Ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ fún oníṣẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí níbòmíràn, gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ kan. Upgrade ń fi Windows tuntun lé ti àtijọ́, fáìlì, NVDA àti ètò yín ń dúró. Fọ́ọ̀mátì ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fọ́ọ̀mátì máa ń yá oníṣẹ́ lára, torí ó yára, kì í sì í fà wàhálà fún òun. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), RAM gíìgì 4, àyè gíìgì 64, àti ìṣẹ̀dá Intel kẹjọ sókè, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò sì ní gbogbo èyí. Oníṣẹ́ á wá fi Rufus, ètò tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí fíláàṣì, yẹ ìdíwọ́ náà sílẹ̀, Windows 11 á wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa gba àtúnṣe lọ́jọ́ iwájú, dráífà ohùn rẹ̀ sì lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ tẹ Ctrl, Windows, Enter, kí ẹ sì rí i pé ó sọ̀rọ̀.” Gbólóhùn méjì yẹn ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn àjò lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní ohùn ti padà. Wàhálà tó kàn kì í pariwo, òun ló sì ń pẹ́ jù lára. Bí ẹ bá wọ yàrá ẹni tí kò ríran, tí ẹ gbé àga láti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá sí àárín ilẹ̀, àga náà lè rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfarapa ló máa fà. Ọwọ́ tó ti lo Windows 10 fún ọdún mẹ́jọ kò ronú mọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì mẹ́nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ctrl apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà M, orúkọ fáìlì ti ṣeé yí padà. Bọ́tìnnì mẹ́nù, R, Properties ti ṣí. Ní Windows 11, bọ́tìnnì yẹn ṣí mẹ́nù kúkúrú tuntun. Gígé, dídàkọ, yíyí orúkọ padà àti pípa rẹ́ ti di àwòrán kéékèèké tó tò sórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ètò tí ẹ fi sórí ẹ̀rọ fúnra yín sì ti fara pamọ́ sẹ́yìn Show more options. Ẹni tó ríran á fi ìṣẹ́jú àáyá kan wo àwòrán náà, á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fi etí gbọ́ ní láti fi ọfà rìn lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kò sí nísàlẹ̀, pé òkè ló wà.

Oògùn rẹ̀ ni kí ọwọ́ kọ́ àwọn bọ́tìnnì tí kò tíì yí padà láti ọjọ́ pípẹ́. F2 ń yí orúkọ padà. Alt àti Enter ń ṣí Properties. Ctrl àti X, C, V ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Shift àti F10 lórí fáìlì ń gbé mẹ́nù àtijọ́ jáde tààrà, M àti R yín wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín. Nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, Wi-Fi, ohùn àti bátìrì tí wọ́n dá dúró tẹ́lẹ̀ ti di bọ́tìnnì kan, Windows àti A ló ń ṣí i. Àwọn ìfilọ̀ tó wà lábẹ́ Windows àti A tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sábẹ́ Windows àti N. Windows àti U ṣì ń lọ síbi ètò ìrọ̀rùn, àmọ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Ease of Access, ti di Accessibility.

Kí ló ń jẹ́ kí screen reader máa sọ “button, button, button” níbi tí ojú ń rí àwòrán tó yéni yékéyéké? Screen reader kò rí àwòrán. Ohun mẹ́ta ló ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo nǹkan tó wà lójú kọ̀ǹpútà: kí lorúkọ rẹ, irú nǹkan wo ni ọ́, ipò wo lo wà. Ẹni tó kọ ètò náà ló gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sílẹ̀, ọ̀nà tí Windows fi ń gbé ìdáhùn náà ránṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní UI Automation. Bí wọ́n bá tún mẹ́nù kan yà láti ìpìlẹ̀, tí wọ́n yí ìrísí rẹ̀ padà, tí wọn kò kọ orúkọ bọ́tìnnì síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè hùmọ̀ rẹ̀. Mo ń fi ìbínú sọ èyí torí pé kíkọ orúkọ yẹn kò gbà ju ìlà kan lọ nínú iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ètò, wákàtí mélòó kan ni àìkọ ọ́ sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Bí ẹ bá ṣalábàápàdé irú rẹ̀, Windows àti F ń ṣí Feedback Hub, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ti ìwé ìkọ̀kọ̀ pa, torí ó ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀sùn náà.

NVDA fúnra rẹ̀ náà ń yí padà. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nínú ọdún, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí .1, lè má gba àwọn àfikún (add-on, ètò kéékèèké tí a fi kún NVDA) tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, á sì pa wọ́n títí ẹni tó kọ wọ́n yóò fi tún wọn ṣe. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé Windows àti NVDA gòkè lọ́jọ́ kan náà. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ ò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló fà á. Ẹ kọ́kọ́ mú NVDA dé ojú ìwọ̀n nígbà tí Windows 10 ṣì wà, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan Windows. Bí NVDA bá ń kọsẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Insert àti Q, kí ẹ yan pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láìsí àfikún. Bí ó bá tún ara ṣe, ẹ ti mọ ibi tí aṣọ ti ya. Àwọn tó ń lo JAWS ní tiwọn, kí wọ́n yẹ ìwé àṣẹ wọn wò. Bí JAWS kò bá rí ìwé àṣẹ mọ́, ìṣẹ́jú 40 ló ń sọ̀rọ̀ mọ, lẹ́yìn náà ó di dandan láti tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ọ̀rọ̀ àwa tó ń ka Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà tún ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Kò sí ohùn Yorùbá nínú àwọn ohùn tó ń bá Windows wá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lè bọ́ sí ohùn kan náà lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí ó máa pe àmì orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ fúnra rẹ̀, àmì méjì ni nínú kọ̀ǹpútà, ọ àti ohùn òkè tó gùn ún lórí, nítorí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní i ní ẹyọ kan. Àwọn tó mọṣẹ́ ti fi sùúrù kọ ìwé atúmọ̀ sínú NVDA, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí ohùn Gẹ̀ẹ́sì lè pe orúkọ ènìyàn àti ìlú lọ́nà tí etí á gbà. Oríṣi ìwé atúmọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì níbí: Default ń bá gbogbo ohùn ṣiṣẹ́, Voice sì so mọ́ ohùn kan ṣoṣo. Bí upgrade bá mú kí ohùn tí ẹ ń lò dàwátì, tí NVDA bọ́ sórí ohùn mìíràn, gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú Voice á dákẹ́ bí ẹni pé ẹ kò kọ nǹkan rí. Kò sọnù. Ẹ kọ %APPDATA%\nvda sínú fèrèsé tí Windows àti R ń ṣí, fóódà speechDicts wà níbẹ̀. Ẹ da fóódà nvda yẹn lódindi kọ sórí fíláàṣì kí upgrade tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú Default láti ìsinsìnyí lọ.

Fún àwọn tí ojú wọn ń rí díẹ̀: àwọn àwọ̀ High Contrast ti Windows 10 ti yí padà, ìlà isàlẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sókè bíi ti Windows 10, ṣùgbọ́n Alt òsì, Shift òsì àti Print Screen ṣì ń tan àwọ̀ náà, Windows àti àmì ìròpọ̀ ṣì ń sọ ojú kọ̀ǹpútà di ńlá, lẹ́tà sì lè tóbi dé ìdá 225 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ohun gbogbo bá wú tó sì di ṣíṣú lójijì, dráífà àwòrán ni kí ẹ wò.

Ní ọ́fíìsì, alábòójútó kọ̀ǹpútà lè ti ibi tó wà rọ upgrade sórí gbogbo ẹ̀rọ lóru. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún òṣìṣẹ́ ní ẹsẹ̀ láti dúró lé. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ yín kẹ́yìn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ àtijọ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má sì yọ NVDA kúrò nínú àwọn ètò tí wọ́n gbà láàyè. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣí General nínú ètò NVDA, Insert, Ctrl àti G, kí wọ́n fi àmì sí i pé kó máa bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé ìwọlé. Alábòójútó nìkan ló lè fi ọwọ́ sí i lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì.

Ọ̀nà àbọ̀ sì wà, àmọ́ ó ní ọjọ́ tó ń pa dé. Lẹ́yìn upgrade, Windows ń fi ti àtijọ́ pamọ́ sínú fóódà Windows.old fún ọjọ́ 10 péré. Ẹni tó ń fi etí ṣiṣẹ́ lè má tíì parí ìwádìí láàárín ọjọ́ 10. Ní ọjọ́ tí ohùn bá ti padà, ẹ tẹ Windows àti X, lẹ́yìn náà A, ẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó bá béèrè, ẹ wá kọ èyí: DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60. Ọjọ́ 10 ti di 60 nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò ìgbálẹ̀ pa Windows.old rẹ́ nítorí àyè, torí bó bá ti lọ, àṣẹ yẹn di òfo. Láàárín ọjọ́ náà, ẹ fi kíbọọ̀dù nìkan ṣe iṣẹ́ yín gangan: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí prínítà, ẹ fi ránṣẹ́ ní í-meèlì, ẹ wọ báǹkì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ẹ gbọ́ bóyá ó sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ PIN. Bí èyí tó ṣe kókó nínú wọn bá kọ̀ títí tó fi di nǹkan bí ọjọ́ 50, ẹ lọ sí Settings, System, Recovery, kí ẹ yan Go back. Fáìlì yín á dúró, ṣùgbọ́n ètò tí ẹ fi sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn upgrade á lọ, nítorí náà ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi fíláàṣì tí n.exe wà nínú rẹ̀ sínú USB kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.